Ahoro, Ẹrù àti Orúkọ: Àgbéyẹ̀wò Fọ́tò Ilé Ìtọ́jú Alárùn Ọpọlọ tí a Pa Tì ní Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá kókó àpilẹ̀kọ yìí mu rẹ́gí. Ọ̀rọ̀ náà ni ahoro. Ahoro kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn kò gbé rí. Igbó tàbí ijù ni à ń pe ìyẹn. Ibi tí ènìyàn ti gbé, tí wọ́n ti dáná, tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n sì ti sin òkú kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ ni ahoro. Nítorí náà, bí ará oko bá kan ògiri àtijọ́ nínú igbó, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, ‘Ahoro ta nìyí?’ Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún fọ́ Ìkòyí àtijọ́ pẹ̀lú. Síbẹ̀, àwọn tí baba ńlá wọn ti ibẹ̀ wá ṣì ń jẹ́ ọmọ Oníkòyí títí di òní, ibi yòówù tí wọn ì báà máa gbé. Iṣẹ́ oríkì orílẹ̀ nìyẹn: ilé lè wó, kí orúkọ má wó.

Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn ayafọ́tò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti sọ wíwọ inú ahoro ilé iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé ìwòsàn di iṣẹ́ gidi. Àwọn kan ń gba ojú fèrèsé wọlé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òfin tí wọ́n sì fi lélẹ̀ láàrin ara wọn ni pé ẹni tí ó bá wọlé kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun jáde yàtọ̀ sí fọ́tò. Àwọn mìíràn ń gba ìwé àṣẹ, wọ́n ń gbé kámẹ́rà ńlá sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ wọn ṣe ìwé. Ohun tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ojú wọn kì í kúrò lára ohun tí àwọn onílé fi sílẹ̀ lọ: bàtà ẹsẹ̀ kan, àga tí ó dojú dé, ìwé àkọsílẹ̀ tí òjò ti pa.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò, gbogbo wọn ló sì jẹ mọ́ ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èkíní ni Asylum, ìwé fọ́tò tí Christopher Payne gbé jáde ní 2009. Èkejì ni Library of Dust ti David Maisel, tí ó jáde ní 2008. Ẹ̀kẹta ni The Lives They Left Behind, tí Darby Penney àti Peter Stastny kọ ní 2008 bákan náà. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀wọ́ fọ́tò tí Jon Crispin bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 2011, lórí àwọn àpótí kan náà tí Penney àti Stastny kọ̀wé lé lórí. Ohun tí a ó máa bi ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn ni ìbéèrè ará oko yẹn. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí dì mú ni pé ilé ìtọ́jú wọ̀nyí kọ́kọ́ gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n wọ ibẹ̀, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà. Fọ́tò tí kò bá bèèrè ẹni tí ó ni ahoro, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, ń bá ilé ìtọ́jú náà parí iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Bí ilé ńlá ṣe di ahoro

Ẹni tí ó bá rí àwọn fọ́tò wọ̀nyí lè rò pé ilé ìyà ni wọ́n dìídì kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1854, Dókítà Thomas Story Kirkbride ti ìlú Philadelphia tẹ ìwé kan jáde lórí bí ó ṣe yẹ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí: kí apá ilé máa yọ lẹ́yìn ara wọn bí ìyẹ́ ẹyẹ tí ó nà, kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lè dé gbogbo yàrá, kí ọgbà sì yí i ká. Ìgbàgbọ́ ìgbà náà ni pé ilé tí ó dára lè wo ọkàn tí ó dàrú sàn. Ilé ìtọ́jú Willard, létí adágún Seneca ní ìpínlẹ̀ New York, gba aláìsàn àkọ́kọ́ ní 1869, ìdí tí wọ́n sì fi dá a sílẹ̀ ni láti kó àwọn alárùn ọpọlọ kúrò nínú ilé àwọn òtòṣì, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn mìíràn mọ́lẹ̀.

Èrò rere náà kún àkúnya. Nígbà tí ó fi di 1955, nǹkan bí 560,000 ènìyàn ni ó wà nínú àwọn ilé ìtọ́jú ìpínlẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Oògùn chlorpromazine ti dé ní 1954. Ààrẹ Kennedy buwọ́ lu òfin ìtọ́jú láàrin àwùjọ ní 1963. Ètò Medicaid tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1965 kò sì san owó ìtọ́jú àgbàlagbà tí ó bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo díẹ̀díẹ̀. Willard ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 1995, lẹ́yìn tí ó ju 50,000 ènìyàn ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹwà ògiri: Christopher Payne

Iṣẹ́ ilé yíyà ni Payne kọ́ kí ó tó gbé kámẹ́rà, èyí sì hàn nínú gbogbo ojú ìwé Asylum. Láàrin 2002 àti 2008 ó dé àádọ́rin ilé ìtọ́jú ní ọgbọ̀n ìpínlẹ̀. Kò fi olè wọlé. Àṣẹ ni ó gbà. Kámẹ́rà ńlá tí ó nílò sùúrù ni ó lò, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì ni ó gbára lé. Oliver Sacks, oníṣègùn tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà. Ó rán òǹkàwé létí pé ọ̀rọ̀ asylum túmọ̀ sí ibi ìsádi kí ó tó di orúkọ ẹ̀gbin. Payne pẹ̀lú fẹ́ kí òǹkàwé rí i pé ìlú kékeré ni ibẹ̀ jẹ́: wọ́n ń dáko, wọ́n ń sin màlúù, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n sì ní gbọ̀ngàn eré. Lámèyítọ́ tí ó bá ka ìwé náà sí àkójọ ọ̀dà tí ń bó lára ògiri kò ṣe Payne dáadáa.

Síbẹ̀, ìṣòro wà. Payne kó fọ́tò láti oríṣiríṣi ilé jọ, ó sì tò wọ́n kí wọ́n lè dà bí ilé kan ṣoṣo, ilé ìtọ́jú tí ó ní gbogbo nǹkan. Ọgbọ́n ìtòjọ yìí ní ìwúlò, ṣùgbọ́n ilé tí a fi ọgbọ́n kó jọ láti ibi àádọ́rin kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Òǹkàwé kò lè béèrè ahoro ta ni, nítorí pé kò sí ahoro kan pàtó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó tún yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ni ibi tí kámẹ́rà dúró. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò ọ̀dẹ̀dẹ̀, ayafọ́tò dúró sí àárín gbùngbùn, ògiri ọ̀tún àti tòsì bára dọ́gba, ilẹ̀kùn yàrá tò lọ títí dé òpin, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ta ni ó máa ń dúró níbẹ̀ nígbà tí ilé náà ṣì kún? Alábòójútó ni. Aláìsàn kì í wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárín. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ó máa ń jókòó sí, tàbí kí ó máa yọjú láti ẹnu ọ̀nà yàrá. Ojú tí fọ́tò náà fi ń wò jẹ́ ojú ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí Payne má ronú sí i rárá, nítorí pé bí a ṣe kọ́ ilé náà ni ó tì í síbẹ̀.

Fọ́tò kan wà nínú ìwé náà tí ó bọ́ lọ́wọ́ àbùkù yìí pátápátá. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni, tí wọ́n so kọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ilé ìtọ́jú Hudson River ní ìlú Poughkeepsie. Oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀. Kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn níbẹ̀, kò sí ìmọ́lẹ̀ tí ó ń tàn bí ti ilé ìjọsìn. Ohun tí ó wọ ẹnu ènìyàn láràárọ̀ ni. Bí ẹni tí ó ń wò ó bá ti mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tí ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ẹni fọ ẹnu, kíá ni ọ̀rọ̀ á ti kúrò ní ‘àwọn aláìsàn’, á di ẹni yìí, ẹni yẹn, ẹni ọ̀hún. Ojú ìwé kan ṣoṣo yìí sọ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Kì í ṣe ilé ìwòsàn nìkan ni irú àríyànjiyàn yìí ti wáyé. Nígbà tí Yves Marchand àti Romain Meffre, ayafọ́tò ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé The Ruins of Detroit jáde ní 2010, inú bí ọ̀pọ̀ ará ìlú náà. Ilé ìtàgé tí ó ti wó àti ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tí ó ti dá páropáro láti 1988 ni àwọn àlejò ń yà, bẹ́ẹ̀ sì ni ètò ìkànìyàn 2010 fi hàn pé ènìyàn 713,777 ṣì ń gbé Detroit. Orúkọ tí kò mọ́ lẹ́nu ni àwọn kan fún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀; wọ́n fi wé fọ́tò ìhòòhò, níbi tí ẹni tí ń wò ti ń jẹ adùn láìmọ ẹni tí ó wà nínú àwòrán. Ìbínú náà le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Ilé iṣẹ́ Ford ra ibùdókọ̀ náà ní 2018, ó tún un ṣe, ó sì ṣí i padà ní 2024. Ẹni tí ó bá ti gba fọ́tò àtijọ́ gbọ́ pé ìlú náà ti kú yóò ní láti tún èrò rẹ̀ pa.

Agolo bàbà ní Oregon

Ilé ìtọ́jú ìpínlẹ̀ Oregon wà ní ìlú Salem láti 1883. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n máa ń sun òkú aláìsàn tí ẹbí rẹ̀ kò wá gbé, wọn a da eérú rẹ̀ sínú agolo bàbà, wọn a sì tẹ nọ́ńbà sí i lára. Ní 2004, àwọn aṣòfin tí wọ́n ń bẹ ilé náà wò bá agolo wọ̀nyí lórí pẹpẹ nínú yàrá kan. Wọ́n ju 3,500 lọ. Ìwé ìròyìn The Oregonian kọ ọ̀rọ̀ olóòtú léraléra lórí ìyà tí ó wà nínú ilé náà, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lórí wọn ní 2006.

Maisel lọ ya àwọn agolo náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ti wọ ibi tí wọ́n kó wọn sí nígbà kan rí, bàbà sì ti dógùn-ún. Ara agolo kan ń tàn bí aró, òmíràn láwọ̀ ewé, òmíràn funfun bí efun, ìlà àti àmì tí ó wà lára wọn sì dà bí àwòrán erékùṣù lórí òkun. Aṣọ dúdú ni ó fi sẹ́yìn wọn, ó sì mú kí wọ́n tóbi kọjá bí wọ́n ṣe rí gan-an. Orúkọ ìwé náà, tí ó túmọ̀ sí ibi ìkówèésí eruku, ẹnu ẹlẹ́wọ̀n kan tí wọ́n mú wá ṣe ìmọ́tótó níbẹ̀ ni ó ti jáde.

Nǹkan méjì ni fọ́tò Maisel ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń ta ko ara wọn. Ilé ìtọ́jú fẹ́ kí gbogbo òkú rí bákan náà: agolo kan náà, ìdérí kan náà, nọ́ńbà tẹ̀lé nọ́ńbà. Ìdógùn-ún bàbà kò gbà. Ó fún olúkúlùkù ní ojú tirẹ̀, kò sì sí méjì tí ó jọra. Maisel rí èyí, ó sì fi hàn lọ́nà tí kò sí ẹni tí ó lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, àwọ̀ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí òǹwòran fi lè gbàgbé pé eérú ènìyàn ni ó wà nínú agolo. Ó lè fi í sí ògiri pálọ̀ rẹ̀. Yorùbá kò ní lè fi ojú lásán wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bani lẹ́rù jù lọ nínú ayé ni ó wà níwájú rẹ̀ yẹn: òkú tí kò rí ẹni sin ín. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Agolo tí ó ju 3,500 lọ ni a tò sórí pẹpẹ láìrí ọmọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tí yóò wá gbé e.

Ohun tí ó gba iṣẹ́ náà là kò sí nínú fọ́tò. Òfin ìpínlẹ̀ Oregon gbà kí wọ́n tẹ orúkọ àwọn òkú náà síta. Àwọn ẹbí wá a, wọ́n rí orúkọ ìyá àgbà tàbí àbúrò bàbá tí wọn kì í dárúkọ nínú ilé, wọ́n sì lọ gba eérú wọn. Ní 2014 wọ́n ṣí ibi ìrántí kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí a kọ orúkọ sí. Nígbà tí a bá wá padà sí ìwé Maisel lẹ́yìn èyí, ó yàtọ̀: àwọ̀ náà kò jẹ́ ọ̀ṣọ́ mọ́.

Àpótí òkè àjà: Willard

Ní 1995, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń palẹ̀ Willard mọ́ kí wọ́n tó tì í, wọ́n bá àpótí àti báàgì tí ó ju 400 lọ ní òkè àjà ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, ekuru àti ìgbẹ́ ẹyẹ ti bò wọ́n. Àwọn aláìsàn tí wọ́n wọ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún títí di nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ni ẹrù náà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n so orúkọ mọ́ ọn, wọ́n sì gbé e lọ sókè. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Òṣìṣẹ́ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìpínlẹ̀ New York kan ni ó takú pé kí wọ́n kó o wá sọ́dọ̀ àwọn.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àjà. Nínú ilé Yorùbá àtijọ́, àjà kì í ṣe ààtàn. Orí àjà ni àgbàdo irúgbìn máa ń wà, kí èéfín lè lé kòkòrò fún un. Ohun tí a óò tún lò ni à ń gbé sókè. Ẹni tí ó gbé àpótí aláìsàn lọ sí àjà Willard, tí ó sì so orúkọ mọ́ ọn, ṣe bí ẹni tí ó gbà pé onítọ̀hún yóò padà wá gbà á lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò jáde mọ́ títí wọ́n fi kú. Kì í ṣe ìkà ènìyàn ni ó to àpótí wọ̀nyí, èyí sì ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà dunni ju bí ì bá ti dunni lọ.

Penney, tí ó jẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn alárùn ọpọlọ, àti Stastny, tí ó jẹ́ oníṣègùn, fi ọdún púpọ̀ tú àwọn àpótí náà wò, wọ́n ka ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìtọ́jú mọ́ ọn, wọ́n sì ṣe àfihàn kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ní Albany ní 2004. Ìwé wọn tẹ̀lé e ní 2008. Ọgbọ́n tí wọ́n lò rọrùn, ó sì jinlẹ̀: wọ́n gbé ẹlẹ́rìí méjì dìde kí wọ́n lè ta ko ara wọn. Ìwé dókítà sọ̀rọ̀ nípa ẹni náà. Àpótí sọ̀rọ̀ fún un. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Faransé, olùkọ́ èdè ni kí àìsàn tó dé. Ó lé ní ogójì ọdún tí ó fi wà nínú ilé ìtọ́jú. Nínú ìwé dókítà, àmì àìsàn ni ó pọ̀ jù. Nínú àpótí, ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ni. Olùkọ́ tí ó bá ka orí yẹn nínú ìwé náà kò ní tètè gbàgbé rẹ̀.

Ti Frank tún yàtọ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, ó sì ti wọ iṣẹ́ ológun. Ní 1945 ó jẹun ní ilé oúnjẹ kan ní Brooklyn, wọ́n fi àwo fífọ́ gbé oúnjẹ fún un. Inú bí i. Ó jáde, ó ń ta agolo ìdọ̀tí nípàá lójú títì, àwọn ọlọ́pàá dé, ọ̀nà Willard sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Penney àti Stastny kò sọ pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ohun tí wọ́n ní kí òǹkàwé rò ni bóyá ọ̀nà kan náà ni wọn ì bá gbà bá ọkùnrin aláwọ̀ funfun lò tí ó bá bínú lórí àwo fífọ́. Aṣọ ológun rẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀, tí a ká dáadáa.

Aṣọ yìí kan náà ni Crispin yà lẹ́yìn náà. Òun pẹ̀lú ti ya àwọn ilé ìtọ́jú tí a pa tì ní New York rí, ní àwọn ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí ògiri àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣì ni gbogbo ènìyàn ń yà. Ìrìn àjò rẹ̀ láti ibi ògiri dé ibi àpótí tó ẹ̀kọ́ kọ́ni fúnra rẹ̀. Nínú àwọn fọ́tò tuntun yìí, kò sí ahoro rárá. Ó ṣí àpótí, ó to ẹrù inú rẹ̀ bí ẹni tí ń bá àlejò tú ẹrù, ó sì yà á nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò ṣe àfojúdi. Ó tún ya bébà àti okùn òwú tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi wé nǹkan wọ̀nyí. Àwọn kan lè sọ pé èyí ba ìrísí rẹ̀ jẹ́, pé ẹni tí ń wá ìgbà àtijọ́ kò fẹ́ rí bébà tuntun. Àṣìwí ni. Bébà náà ni ó fi hàn pé ẹnìkan ti fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ kan ẹrù yìí lẹ́yìn tí onílé ti kú, ìtọ́jú tí ó sì dé bá aṣọ náà ju èyí tí ó dé bá ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ. Ayafọ́tò kò fi ẹnu sọ ọ́. Okùn òwú náà sọ ọ́.

Orúkọ tí a gé

Àbùkù tí ó wà nínú ìwé Penney àti Stastny àti nínú fọ́tò Crispin kò ti ọwọ́ wọn wá. Òfin ìpínlẹ̀ New York lórí àṣírí aláìsàn kò dópin sí ibojì. Nítorí náà orúkọ àdàpè ni ìwé náà lò fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sọ ìtàn wọn, Crispin sì ní láti fi orúkọ àkọ́kọ́ àti lẹ́tà kan ṣoṣo tì í: Frank C. Ẹni tí ó ti ṣe orúkọ rẹ̀ ní odindi nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun di ìdajì orúkọ.

Kò yẹ kí lámèyítọ́ fi òfin yìí ṣẹ̀sín. Yorùbá mọ ìdí tí irú rẹ̀ fi wà. Kí a tó gbé ìyàwó, a máa ń wádìí ìdílé, ọ̀kan nínú ohun tí a sì ń bèèrè ni bóyá wèrè wà nínú ẹbí náà. Ọmọdébìnrin lè pàdánù ọkọ nítorí ìyá àgbà tí kò fojú rí. Òfin New York ń dáàbò bo irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Oregon tẹ orúkọ síta, ọ̀pọ̀ ẹbí sì jáde wá láìfi ojú pamọ́. Bí a bá gbé ìpínlẹ̀ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, èyí tí ó bo orúkọ dà bí ẹni tí ó gba ìtìjú gbọ́ ju àwọn ẹbí fúnra wọn lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò mú àpótí dé òkè àjà rárá, ilẹ̀ Yorùbá ni a sì ti dán an wò. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, nítòsí Abẹ́òkúta, níbi tí aláìsàn kì í ti í dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí wọ́n jọ máa gbé láàrin àwọn ará abúlé, kí aláìsàn sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ẹrù aláìsàn wà lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu ẹni tí ń pè é jẹun. Èyí kò túmọ̀ sí pé Yorùbá kò ṣe ohun tí ó burú sí alárùn ọpọlọ. Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà ni wọ́n ti sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ di ibi ìtìmọ́lé wọn ní Lantoro ní 1944, a sì rí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n de wọ́n títí di ẹnu àìpẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ètò Lambo jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nínú gbogbo fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a ń sọ: ẹnìkejì. A rí búrọ́ọ̀ṣì, a rí eérú, a rí aṣọ ológun. Ẹni tí ó mọ onítọ̀hún ni a kì í sábà rí.

Itẹ́ òkú Willard gba òkú tí ó ju 5,700 lọ, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi sàmì sí ibojì wọn. Lawrence Mocha, ọkùnrin tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Galicia ní 1878, wọ Willard ní 1918. Nígbà tí ó yá, òun ni ó di agbẹ́lẹ̀ itẹ́ náà. Ó gbẹ́ nǹkan bí 1,500 ibojì fún àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ aláìsàn, kò sì gba owó oṣù òṣìṣẹ́ lórí rẹ̀. Àpótí tirẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n bá ní òkè àjà. Bàtà àti ohun èlò ìfárùngbọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó kú ní 1968, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì sin òun pẹ̀lú láìkọ orúkọ sí ibojì rẹ̀. Ará àdúgbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ náà, ó wá ẹbí rẹ̀ kàn, ẹbí sì fọwọ́ sí i. Ní 2015 wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ nínú itẹ́ náà. Ẹni tí ó bá mú ìwé 2008 lọ síbẹ̀ yóò bá orúkọ tí kò sí nínú ìwé lára òkúta náà: Lawrence Mocha, ní odindi.